Bí Ológbò Onírun Gígùn Bá Ń Ṣunú: Ẹ Fọwọ́ Wò Ó, Ẹ Má Fojú Nìkan Wò Ó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń sin ológbò onírun gígùn, irú Persian tí a ń rí nílé àwọn èèyàn ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ológbò bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, á lọ tó bá di ọ̀la." Lóòótọ́, ó máa ń lọ nígbà mìíràn. Àmọ́ nígbà tí kò bá ní í lọ, kì í fúnni láyè. Ológbò àgbà kì í sábà ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Ọmọ ológbò oṣù 2 lè má tó kílò 1. Omi tó wà nínú ara kékeré bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ìgbẹ́ olómi ní ìgbà bíi mélòó kan, pẹ̀lú èébì díẹ̀, ti tó láti gbé e dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ohun tó mú kí ti onírun gígùn le ju ti àwọn yòókù lọ ni irun náà gan-an. Ó ń bo ara tó ń joro mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ológbò tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ á ṣì sanra lójú ẹni tó ń wò ó látorí àga. Irun yìí kan náà ló ń bo ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí, tó ń jẹ awọ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó. Ojú nìkan á tàn yín jẹ.

Ẹ gbé e lé itan yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ki ìka bọ abẹ́ irun, kí ẹ fọwọ́ kan egungun ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí omi bá wà lára, awọ náà á padà sáyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń lọ́ra padà, omi ti ń tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì ológbò tí ara rẹ̀ le a máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa ní ọ̀rinrin. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á funfun, àwọ̀ rẹ̀ á sì padà kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí èrìgì bá gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ yín níka, tó funfun, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò tètè padà, ẹ má ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó wá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ológbò tó ti dàgbà, tó ya ìgbẹ́ rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ tó ń jẹun, tó ń mumi, tó ń ṣeré, tí kò sì bì, ẹ lè ṣọ́ ọ nílé fún wákàtí 24. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ dókítà. Àwọn kan wà tí kò sí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ nínú tiwọn: ọmọ ológbò, ológbò tó ti darúgbó, èyí tó lóyún, èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, àti èyí tó ti ní àìsàn mìíràn lára tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé irú wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń bì tó tún ń ṣunú, èyí tó kọ oúnjẹ, èyí tó lọ sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò fẹ́ jáde, àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà. Dúdú yẹn, ẹ̀jẹ̀ láti òkè ìfun tàbí látinú àpò oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́.

Irú Persian tún ní àìsàn kíndìnrín kan tó máa ń jogún, tó ń mú kí àwọn àpò omi kéékèèké máa yọ sínú kíndìnrín. Ológbò lè gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí omi bá wá tán lára irú ológbò bẹ́ẹ̀ lójijì, kíndìnrín tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ ìdílé tí ológbò yín ti wá, ẹ má fi omi ara rẹ̀ ṣeré rárá.

Kí ẹ tó nu ìgbẹ́ náà kúrò nílẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí díẹ̀díẹ̀ ni, tí ológbò sì ń lọ síbi àwo ìgbẹ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́? Ṣé ikun wà nínú rẹ̀, ṣé aràn wà níbẹ̀, tàbí okùn, tàbí ike tó gbé mì? Ẹ bu díẹ̀ sínú ike tó mọ́ tó sì ní ìdérí, kí ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó pẹ́. Ẹ fi fóònù ya ìyókù. Ohun tí dókítà máa rí nínú ìgbẹ́ tútù yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ oògùn tí kò bá àìsàn náà mu. Àmọ́ bí ẹ bá rí okùn tó yọ díẹ̀ ní ihò ìdí rẹ̀, ẹ má fà á o. Apá kan rẹ̀ lè ti kọ́ mọ́ ìfun nínú lọ́hùn-ún, fífà yẹn sì lè gé ìfun.

Oúnjẹ ló ń fa púpọ̀ nínú ìṣunú yìí. Ẹni tó ra oúnjẹ tuntun lónìí, tó da ti àná nù, ti da inú ológbò rú. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń pa tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, fún bí ọjọ́ 7. Mílíìkì tí a rò pé ológbò fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ ológbò àgbà kò lè da ṣúgà inú rẹ̀. Ẹja tó yọ́ nínú fíríìjì nígbà tí iná lọ, tó tún dì nígbà tí iná dé, ẹ má fún un. Oúnjẹ tútù tó ti wà nínú abọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú ooru, ẹ dà á nù. Ọbẹ̀ wa kò sì sí fún ológbò: àlùbọ́sà àti ááyù, yálà tútù, sísè tàbí èyí tó wà nínú magí, ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ológbò yín ń jáde, alángbá, aáyán àti eku tó ń pa jẹ lè kó aràn àti àrùn wá fún un.

Ohun kan wà tó burú ju oúnjẹ lọ, òun ni májèlé. Irun gígùn ń gbá ilẹ̀ káàkiri ilé. Bí ẹ bá fọ́n oògùn aáyán sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, irun á gbé e, ahọ́n á sì lá a. Oògùn dichlorvos tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Sniper wà lára àwọn tó léwu jù. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC ti gbé ìgbésẹ̀ láti lé ìgò kékeré rẹ̀ kúrò lọ́jà. Bí ológbò bá ń ṣunú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ kéré, tí iṣan ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ máa rò pé májèlé ni. Ẹ dì í sínú táwẹ́ẹ̀lì kó má baà máa lá ara rẹ̀ síwájú sí i, kí ẹ sì máa sáré lọ. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání bí ẹ bá mọ èyí tó jẹ́. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì rọ ọ́.

Ní ti ọmọ ológbò, àrùn tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní panleukopenia. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń ba ìfun jẹ́, ó sì ń run sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbèjà ara. Ọmọ ológbò tó ń ṣeré láàárọ̀ lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú ilé fún odidi ọdún kan lẹ́yìn tí ológbò tó kó o wá ti lọ. Bó bá pa ọ̀kan nílé yín, ẹ má sáré ra òmíràn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ wọlé.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni pé oògùn inú dúróọ̀ wa lè yára pa ológbò ju ìṣunú náà lọ. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ èèyàn ní láti tú àwọn kẹ́míkà kan ká. Ìdajì hóró parasítámọ̀ kan lè pa á: èrìgì rẹ̀ á di àwọ̀ ẹrẹ̀, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á sì máa há. Flagyl tí a máa ń lò fún inú rírun tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ẹranko lè lò ó, bó bá pọ̀jù, á kọlu ọpọlọ ológbò, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, bíi Imodium, lè ti àrùn mọ́ inú. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í ṣe ti ológbò. Ẹ má fún un ní ìkankan nínú wọn nítorí pé aládùúgbò sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún ajá tirẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni kò jẹ́ kí Dettol àti Izal bá ológbò mu. Bí ẹ bá fi wọ́n wẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ fi wọ́n nu ilẹ̀ tó ń tẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ló máa gbà á nígbà tó bá ń lá irun àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ àwo ìgbẹ́ rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ẹ lo Hypo nítorí fáírọ́ọ̀sì, ẹ là á mọ́ omi bó ṣe júwe, ẹ ṣan ibẹ̀ dáadáa, kí ó gbẹ kí ológbò tó padà síbẹ̀. Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn. Èéfín tó máa jáde léwu fún ẹ̀yin náà.

Àṣà mìíràn tó yẹ ká fi sílẹ̀ ni fífi ebi pa á kí inú lè sinmi. Ológbò kì í ṣe ajá. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá inú ara á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tí ìṣunú ti lọ tán. Fún ọmọ ológbò, ìwọ̀nba wákàtí láìjẹun ti pọ̀jù. Ẹ se àyà adìyẹ tí kò láwọ, láìfi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí magí sí i, kí ẹ rún un wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà lóòjọ́. Bí ìgbẹ́ bá ti dì, ẹ máa fi oúnjẹ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá kún un títí á fi padà sí i pátápátá. Ẹran yẹn nìkan kò lè tó o fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ gbé omi tó mọ́ sí ibi púpọ̀ nínú ilé, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lè da omi adìyẹ tí ẹ sè láìfi nǹkan kan sí náà sínú oúnjẹ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbá a mú kí ẹ máa fi síríǹjì da omi sí i lọ́nà ọ̀fun. Imú Persian rí pẹlẹbẹ, ọ̀nà èémí rẹ̀ há. Omi tí a fipá rọ ọ́ lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ológbò tí omi ti tán lára rẹ̀, abẹ́ awọ tàbí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni dókítà máa gba fún un lómi, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe tilé.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìdí ológbò náà, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà tó jẹ́ ti onírun gígùn gan-an wà. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè. Irun abẹ́ ìrù àti ẹ̀yìn itan gùn débi pé ìgbẹ́ olómi kò lè bọ́ sílẹ̀ láìkàn án. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbẹ, òmíràn á tún dé lé e, títí á fi dì gbagidi. Nígbà mìíràn, ìgbẹ́ tó dì náà á dí ihò ìdí pa. Ológbò á lóṣòó sínú àwo rẹ̀, á máa tiraka, nǹkan kan kò ní í jáde, inú yín á sì máa dùn pé ìgbẹ́ ti dá. Kò dá o, ọ̀nà ló dí. Awọ abẹ́ rẹ̀ á ti pọ́n, á ti máa bó. Nínú ooru tiwa, eṣinṣin kì í pẹ́ gbọ́ òórùn. Wọ́n á yé sínú irun náà, ẹyin wọn lè di ìdin láàárín ọjọ́ kan, ìdin á sì máa jẹ ẹran ara níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí ẹ bá rí ìdin kan ṣoṣo, ẹ má dúró ṣa á nílé. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, kí ẹnì kan fi táwẹ́ẹ̀lì di iwájú rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí ẹnì kejì gbé ìrù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó rin gbingbin lé ibi tó ti gbẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè rọ̀, kí ẹ tó máa nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á. Ẹ ṣan án, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rinrin á fi kúrò nísàlẹ̀ irun. Ẹ má da pọ́dà sí i, torí ohunkóhun tó bá wà lára irun ológbò, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ. Sísọ́ọ̀sì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra gidigidi. Awọ ológbò fẹ́lẹ́, irun tó ta kókó sì máa ń fa awọ wọ inú ara rẹ̀. Ẹni tó rò pé irun lòun ń gé á gé awọ. Bí àyè bá wà láàárín kókó náà àti awọ, ẹ ki kóòmù bọ ibẹ̀, kí ẹ gé òkè kóòmù nìkan. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ kílípà lò.

Ẹ má gbàgbé ara yín. Lára àwọn kòkòrò tó ń mú ológbò ṣunú, àwọn kan ń mú èèyàn náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ tàbí àwo rẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò bí ẹlòmíràn bá wà tó lè kó o, nítorí àrùn toxoplasma tó lè ran ọmọ inú. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kó o; kòkòrò àrùn yẹn sábà máa ń lò tó ọjọ́ 1 sí 5 nínú ìgbẹ́ kó tó lè ran èèyàn.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ká má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ máa gé irun abẹ́ ìrù rẹ̀ kúrú nígbà tí ara rẹ̀ le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ológbò láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ máa fún ológbò àgbà tó ń jáde ní oògùn aràn tí dókítà bá wọn fún un, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ológbò tuntun tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú àwo àti abọ́ tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó ń dun èèyàn. Àmọ́ owó àyẹ̀wò àti oògùn aràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lè tó owó omi tí wọ́n máa fà sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Yunifásítì FUNAAB ní tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Yunifásítì Ìlọrin náà ní. Bó bá jẹ́ ti aládàáni ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ béèrè bóyá dókítà náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Lónìí, nígbà tí ara ológbò yín ṣì le, ẹ fi nọ́ńbà dókítà kan sórí fóònù, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri kíṣìnnì kí ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ni kí ẹ pè lóru. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ológbò yín lé itan, kí ẹ kọ́ bí èrìgì rẹ̀ ṣe rí nígbà tí kò ṣàìsàn, kí ẹ lè tètè mọ̀ lọ́jọ́ tó bá yí padà.